Ogun Borodino Lórí Tábìlì Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè rìn kọjá lábẹ́ tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ láì tẹrí ba, mo gbà pé aṣọ nìkan ni a ń tẹ́ sórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo tó mọ̀ pé ogun tó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lè gba orí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ o, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, n kì í fo ibì kankan. Tábìlì náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo wọ̀n ọ́n.

Sabon Gari la wà, ní Kano. Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, Mùsùlùmí tó ti dó sí Kano kó tó gbé ìyá mi níyàwó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ilé tí a ń gbé, ilé oníyàrá mẹ́rìnlá tí méje kọjú sí méje. Yorùbá wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, Nupe wà níbẹ̀, tọkọtaya kan láti Gánà sì wà ní yàrá ìkẹyìn. Bí ìyá mi bá fi Yorùbá pè mí, Hausa ni mo fi ń dá a lóhùn, á sì ní òun kò mọ ẹni tí òun bí.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà bàbá mi ni ará Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní kọ́tà rélùwéè. Bàbá Rélùwéè la máa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán afárá àti ojú irin kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Òyìnbó ẹnjiníà kan tó ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló fi páálí kan sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń padà sílùú rẹ̀. Inú páálí náà ni àwọn sójà òjé méjìlélọ́gọ́ta wà, àti ìwé òfin kan tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù. Sójà kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì kan. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò sẹ́yìn, fìlà orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí agolo tòmátò. Bàbá Rélùwéè ní àwọn ọmọ ogun ayé Napoleon nìyẹn, ológun Faransé tó fi ara rẹ̀ jọba, tó sì bá gbogbo Yúróòpù jà ní ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ó ti bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí kí wọ́n wá bá òun fi wọ́n ṣeré, wọ́n ní kó lọ ra ọpọ́n ayò. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Ọmọ Ígbò ni ọ̀rẹ́ mi, yàrá wọn ni ìkẹta sí tiwa. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Ìyá rẹ̀ ló máa ń bá bàbá mi fi ọwọ́ rán ihò bọ́tìnnì, kò sì sí ẹni tó lè bá a dù ú ní gbogbo àdúgbò wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà dáadáa. Sójà kan dúró fún ogún ènìyàn. A máa ń lẹ̀ wọ́n mẹ́rin-mẹ́rin mọ́ páálí tí a gé lára páálí ṣúgà. Páálí mẹ́fà ló ń di bàtálíọ̀nù kan, ìyẹn ni irínwó ó lé ọgọ́rin ènìyàn. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá tò ní ìlà gbọọrọ á rin ínǹṣì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n á rin mẹ́fà. Ìbọn wọn kò kọjá ínǹṣì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìbọn àgbá ń dé ọgbọ̀n. Tépù tó wà lọ́rùn bàbá mi la fi ń wọ̀n ọ́n, ọmọ lúdò tí a ń jù la sì fi ń mọ ìbọn tó bà àti èyí tó tàsé. Àkísà tí a ká ni òkè, rìbíńnì aláwọ̀ òfuurufú ni odò.

Bí ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré tò ní igun mẹ́rin kí gbogbo ojú kọ síta, nítorí ẹṣin kì í sáré wọ inú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tó kọjú sí i. Kò sí ẹni tó ní láti ṣe àlàyé yìí fún ọmọ Kano lẹ́ẹ̀mejì. Ọdọọdún la máa ń lọ wo Hawan Sallah, tí àwọn ẹlẹ́ṣin á máa sáré bọ̀ níwájú Ẹ́mìà bí ẹni pé wọn kò ní dúró, tí ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí wọ́n tó fa ìjánu lójijì. Ẹni tó bá ti dúró síbẹ̀ rí mọ ìdí tí ènìyàn fi ń wá ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ láti sá sí.

Méjìlélọ́gọ́ta kò tó fún ogun gidi. Bàbá Rélùwéè fi ṣìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ ṣe òǹtẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, ti ẹlẹ́ṣin àti ti àgbá, a sì ń yọ́ òjé tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń jó wáyà dà sínú rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, sójà wa di irínwó ó lé méjìlá. Orí mìíràn rọ́, ẹsẹ̀ mìíràn wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúró.

Ẹ rántí pé nígbà náà, bọ́ọ̀lù ni ẹ̀sìn kẹta ní Sabon Gari. Àwọn ẹ̀sìn méjì àkọ́kọ́ lè pín wa, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa bá ń gbá, ilé kan ni gbogbo wa. Àwọ̀ ewé àti funfun ni aṣọ wọn. Ìwé Bàbá Rélùwéè sì sọ pé àwọ̀ ewé ni ẹ̀wù àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, pé wọ́n máa ń wọ ṣòkòtò funfun nígbà ooru. Ẹ ò rí i pé ìjà ti dé nìyẹn. Àwa méjèèjì la fẹ́ jẹ́ ọ̀gágun Rọ́ṣíà. Bàbá mi ló ni tábìlì, nítorí náà èmi ni mo gba Rọ́ṣíà. Ọ̀rẹ́ mi gba Faransé, ó fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun kùn wọ́n.

Á ní, "Ìwọ ń ṣe bí ẹni pé Rọ́ṣíà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà."

Èmi náà á ní, "Ó ṣáà sàn ju kí n rẹ Napoleon sínú omi aṣọ."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, a dáwọ́ lé ogun Borodino. Ogun náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní 1812, lójú ọ̀nà Moscow. Àwọn ará Rọ́ṣíà mọ odi amọ̀ sórí òkè kan, wọ́n to àgbá sí i, àwọn Faransé sì ń rọ́ lù ú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni bàbá mi ń yọ̀ǹda tábìlì. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kó sójà kúrò, Bàbá Rélùwéè á kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí sórí máàpù onílà wẹ́wẹ́, kí a lè tò wọ́n padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Òun ni rẹfirí. Ó sì ti sọ fún wa pé bí oṣù kẹta bá parí, òun yóò wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Ìjẹ̀bú, pé òun yóò fi àwọn sójà náà sílẹ̀ fún wa bí a bá parí Borodino.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni mo ṣe àṣìṣe mi. Ọ̀rẹ́ mi ní bàtálíọ̀nù kan tó jẹ́ ti àwọn àjèjì tó ń jà fún Faransé. Ìwé náà kò sọ àwọ̀ àsíá wọn. Mo fẹ́ fi àsíá yà á lẹ́nu, mo sì wo ohun tó kù nínú agolo ọ̀dà tí Bàbá Rélùwéè kó wá láti ibi iṣẹ́: pupa díẹ̀, dúdú díẹ̀, àwọ̀ ewé díẹ̀. Mo fa wọ́n ní ìlà mẹ́ta, pupa lókè, dúdú láàárín, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Mo wá rántí pé àsíá Faransé máa ń ní ère idì wúrà, mo bá fi ọ̀dà yẹ́lò ya idì sáàárín. Búrọ́ọ̀ṣì mi tóbi jù. Idì náà di róbótó, ó na ìtànṣán yíká. Ó dára lójú mi bẹ́ẹ̀. Ó dára lójú ọ̀rẹ́ mi náà. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwa méjèèjì, a kò sì kọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Àsíá náà wà níwájú bàtálíọ̀nù rẹ̀ nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kó ṣẹ́ẹ̀tì tó ti rán ihò bọ́tìnnì sí wọlé. Ó dúró. Ojú rẹ̀ bọ́ sára àsíá náà, ó kúrò níbẹ̀ lọ sára àwọn sójà tó ṣubú, tí a tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì tún padà sára àsíá. Kò pariwo. Ó gbé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì sórí àga, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ígbò, ọ̀rẹ́ mi sì dìde tẹ̀ lé e. Ọmọ lúdò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi ti mọ́sálásí dé, ó mú àsíá náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya èyí?"

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi, Bàbá. Idì ni."

"Kì í ṣe idì. Oòrùn ni, oòrùn àsíá Bìáfúrà."

Ó jókòó, ó ní kí èmi náà jókòó. Ó ní ní ọdún tí wọ́n ń pa àwọn Ígbò ní Kano, obìnrin yìí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú wọn pẹ̀lú oyún ọ̀rẹ́ mi àti àpò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni Ogun Bìáfúrà dé. Obìnrin náà ní àbúrò ọkùnrin méjì, àwọn méjèèjì tẹ̀ lé irú àsíá yìí gan-an lọ sójú ogun. Kò sí èyí tó bọ̀, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún ìyá wọn ohun tó ṣe wọ́n títí ìyá náà fi kú. Nígbà tí ogun parí tí obìnrin náà padà wá sí Sabon Gari, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níbi tí bàbá mi bá a tọ́jú rẹ̀ sí, lábẹ́ tábìlì tí a fi ń jagun yìí.

Bàbá mi ní, "Dìde, kí o lọ bá a. Gbé àsíá náà dání."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo sì na àsíá náà sí i. Ó gbà á, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Yorùbá tó fi bá mi sọ̀rọ̀ dán ju tèmi lọ.

"Dìde. Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Mi ò bínú sí ọ."

"Ẹ ṣé, Mà."

"Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní dúró nídìí ogun mọ́, ìbáà jẹ́ ogun òjé. Ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù yín. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má sùn."

Bẹ́ẹ̀ ni ogun Borodino dúró sí ìdajì. Mo gbìyànjú láti bá ara mi jà. Màá jókòó lápá Rọ́ṣíà, màá dìde lọ jókòó lápá Faransé, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí mo fẹ́ dá fún ara mi tí n kò tíì gbọ́. Mo bẹ Bàbá Rélùwéè kó gba ipò ọ̀rẹ́ mi. Ó ní rẹfirí tó bá gbá bọ́ọ̀lù ti di olè. Ó tún ní eré ẹni méjì ni òun fẹ́ fi sílẹ̀, bí kò bá sí ẹni méjì, òun yóò kó páálí òun lọ. Oṣù kejì ti parí nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ṣì jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a lè máa sọ. Láti ọdún méjì, a kò sọ ohun mìíràn ju ogun òjé lọ.

Oṣù kẹta dé, ìdíje ife Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Tẹlifíṣọ̀n ṣọ̀wọ́n ní òpópónà wa, iná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà rédíò oníbátìrì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni gbogbo ilé ń wá gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ń ròyìn eré náà yára bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè bá a lọ. Bàbá Rélùwéè wá ya pápá bọ́ọ̀lù sórí pépà ńlá kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó tú sójà Rọ́ṣíà mọ́kànlá kúrò lára páálí wọn, ó ní àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ó mú mọ́kànlá aláṣọ funfun láti inú àwọn sójà Ọsitíríà tó wà nínú páálí rẹ̀, ó ní Tanzania nìyẹn. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù. Mo fi etí kan sí rédíò, mo ń sún wọn bí mo ṣe ń gbọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú rẹ̀ gbọ́ ọ. A gbá Tanzania mẹ́ta sí ọ̀kan. Àwa àti Ivory Coast gbá òmì, ọwọ́ ro mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a borí lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kì í wọlé. Ó máa ń dúró lórí pákó gọ́tà níta, nítorí tábìlì náà ṣì ni, àwọn sójà náà ṣì ni. Lọ́jọ́ tí a gbá Íjíbítì, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ó ké láti ìta pé, "Apá òsì yẹn ti sún mọ́ àárín jù. Ó ń dí ọ̀nà."

Mo ní, "Wá sún un fúnra rẹ."

"O mọ̀ pé mi ò lè wọlé."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti dé, ó kó ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn yà fún un, ó sì rí tábìlì.

"Ogun wo tún nìyí?"

Bàbá Rélùwéè ní, "Kì í ṣe ogun, Mádáàmù. Bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọ wa nìyí, àwọn ará Íjíbítì nìyẹn."

"Ṣé ìbọn ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó báyìí?"

Bàbá mi ní, "Ẹ má wo ọwọ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ wò."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì. Obìnrin náà wo tábìlì náà pẹ́. Rédíò ń sáré lọ, bọ́tìnnì kò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan, ó ti sójà apá òsì wa díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá.

"Ibí ló máa ń dúró sí. Ìlà gbọ́dọ̀ máa kan bàtà rẹ̀."

Mo béèrè pé, "Ta ni, Mà?"

"Àbúrò mi kékeré. Apá òsì ló máa ń gbá, ní pápá ẹ̀yìn ọjà, kí a tó lọ." Ó yí sí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ, kí lo ń ṣe níta bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo? Wọlé."

A gbá Íjíbítì ní oókan sí òdo. Ó dúró títí eré fi parí. Nígbà tí a gbá Mòrókò, ó ti gbé àga tirẹ̀ wá, apá òsì sì ti di tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sójà yẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni a bá Algeria gbá àṣekágbá. A kò tíì jókòó tán tí góòlù àkọ́kọ́ fi wọlé. Èkejì wọlé nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ kù díẹ̀ kó parí, ẹ̀kẹta kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìsinmi. Mẹ́ta sí òdo. A gba ife. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tú jáde sí òpópónà, bàbá mi pàápàá sáré jáde pẹ̀lú tépù lọ́rùn. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, obìnrin náà kò tíì dìde. Ó mú sójà apá òsì náà, ó yí i dé, ó ń wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ni orúkọ èyí?"

"Kò ní orúkọ, Mà."

"Ọmọ ta ni?"

"Sójà Rọ́ṣíà ni."

"Mo ní ọmọ ta ni."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ara wa. Bàbá Rélùwéè bọ́ awò ojú rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ẹ gbọ́. Ẹ lè parí ogun yín. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá, ẹ kọ orúkọ ìyá wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ìyá tó wà láàyè, tó gbà pé òun ni. Bí ọ̀kan bá sì ṣubú, ẹni tó rán an lọ síbẹ̀ ni yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Lójúkojú. Kì í ṣe pé kó rán ẹlòmíràn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ, ẹ lérò pé èyí rọrùn. Irínwó ó lé méjìlá ni sójà wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì la ti ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bírò. Ìyá mi gba mẹ́ta. Obìnrin Gánà gba méjì, ó ní kí a má mú wọn sún mọ́ odò. Nígbà tí ilé wa tán, a bọ́ sí òpópónà, a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà bí wọ́n ṣe ń jáde, a dúró lápá obìnrin ní mọ́sálásí. Wọ́n á ní, "Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?" A ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Borodino láti ìbẹ̀rẹ̀. Hajiya tó ń gbé fúrá wá láti Hotoro gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Haba. Bí ọmọ mi bá máa lọ sógun, kò ní fẹsẹ̀ rìn. Ẹ fún un ní ẹṣin." A fún un ní ẹṣin.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ padà. N kò rí irú ogun bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá nawọ́ sí bàtálíọ̀nù kan, obìnrin kan á yọrí lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn òkè, Mà."

"Kó máa wà níbẹ̀."

Òmíràn á ní, "Ẹ fi tèmi síwájú àgbá, ẹ fi ti Ìyá Ìbejì sábẹ́ igi. Kí ni mo ṣe yín?"

Mo rán àwọn ẹlẹ́ṣin mi jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nítorí pé ọ̀nà là sílẹ̀ mo sì fẹ́ fi hàn pé mo gbójú. Ọ̀rẹ́ mi sáré to àwọn ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, bó ṣe yẹ kó ṣe, ó sì ju ọmọ lúdò. Ẹṣin kan ṣubú. Mo yí páálí rẹ̀ wò. Hajiya onífúrá ni.

Mo bá a níwájú igbá rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu láti ilé wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo kí i. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ṣubú. Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá eré ló fẹ́ bá mi ṣe, ojú rẹ̀ kò fi hàn.

"Ṣé ó sá?"

"Rárá, Hajiya. Kò sá."

"Kí lo rán an lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wá ohun tí mo rán an lọ ṣe. Ó rí i pé omi ti ń gba ojú mi, ó bu fúrá sínú igbá kékeré kan, ó nà án sí mi. "Jókòó. Ẹni tó gbé irú ìròyìn báyìí wá kì í dúró lórí ìdúró."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn kí n tó sún ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ mi náà lọ sí ilé mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tó dé láti ti ìkẹta, ó ní òun kò gba odi amọ̀ yẹn mọ́, kí n máa mú un. Mo ní èmi náà kò ní lé àwọn sójà rẹ̀ mọ́. A bọ ara wa lọ́wọ́ lórí tábìlì. Bàbá Rélùwéè ka gbogbo àwọn tó ti ṣubú láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún péré. Ó mi orí. Ó ní ní Borodino gidi, ọ̀kẹ́ àìmọye ló ṣubú láàárín ọjọ́ kan, pé a ti ba ìtàn jẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín àwọn sójà náà sí méjì, ó kó Rọ́ṣíà fún mi, ó kó Faransé fún ọ̀rẹ́ mi, kí ó má bàa sí ẹni tó lè ṣe eré náà láìsí ẹnìkejì. A sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló di oúnjẹ ọ̀nà fún un.

Ayé ti yí padà. Ilé oníyàrá mẹ́rìnlá náà ti di ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń ta fóònù nínú rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí, àwòrán rẹ̀ mọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n débi pé ẹ ń rí òógùn lórí imú wọn, kò sì sí ẹni tó nílò ọmọ tó máa sún bọ́tìnnì kiri. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń jagun lórí fóònù; wọ́n lè pa ẹgbẹ̀rún kí ìyá wọn tó pè wọ́n wá jẹun. N kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Èmi náà ti ní ọjọ́ orí wọn rí. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ìlú wọn, ó sì máa ń gbé Faransé rẹ̀ wá nígbà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin bá mi rọ òjé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣe, orí rẹ̀ rọ́ díẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kọ orúkọ ìyá òun sí i, ti ìyá ọ̀rẹ́ òun ni òun fẹ́ kọ, ọmọ Hausa kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ilé wọn wà ní Nassarawa. Ó dúró pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá àgbà, báwo ni ènìyàn ṣe ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ìyá ẹlòmíràn?"

Mo ní kó kọ́kọ́ kí i, kó sì kí i ní èdè rẹ̀.